Ta Ló Ń Wọn Ìfúnpá Ìyá Lẹ́yìn Ọmọ Ìkẹyìn?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, Marc-Vivien Foé ṣubú lulẹ̀ ní àárín pápá ní ìlú Lyon, nígbà tí Kamẹrúùnù ń bá Kòlóńbíà gbá bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni kò fara kàn án. Ọmọ ọdún 28 ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan ọkàn rẹ̀ ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà náà, bí a bá dárúkọ àrùn ọkàn ní Douala, ní Yaoundé, àní ní Èkó pàápàá, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí ni ọkùnrin alágbára tó ṣubú lójijì níṣojú gbogbo ayé.

Ikú ọkàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kì í ní kámẹ́rà níwájú. Obìnrin ẹni ọdún 56 ni, tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní ọjà Sandaga. Ó kó ọjà rẹ̀ wọlé lálẹ́, ó ní ó rẹ òun, ó lọ sùn, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Àwọn aládùúgbò á ní ikú ìrọ̀rùn ni màmá náà kú. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè iye tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nítorí pé láti ọdún mẹ́wàá náà, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ. Ètò ìlera wa mọ obìnrin dáadáa níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń bímọ. Bó bá ti bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ tán, tí nǹkan oṣù sì dáwọ́ dúró, ètò náà gbàgbé rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ọkàn rẹ̀ ń wọ ewu tó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ewu náà ṣe tó. Àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ láti yẹ ọ̀rọ̀ obìnrin àti àrùn ọkàn wò sọ ní ọdún 2021 pé ní 2019, nínú obìnrin 100 tó kú lágbàáyé, àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló pa 35. Kò sí àrùn mìíràn tó pa obìnrin tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn, kó gbọ́ ti ilẹ̀ wa. Ìwádìí THESUS-HF, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012, kó aláìsàn 1,006 jọ láti ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà. Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà wà lára wọn. Gbogbo àwọn aláìsàn náà ni ọkàn wọn kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ. Ìdajì wọn jẹ́ obìnrin. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọdún 52 ni. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, arúgbó tó ti lé ní ẹni 70 ni irú àìsàn yìí sábà máa ń dá dúbúlẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ṣì ń lọ sọ́jà, tó ṣì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni. Ohun tó sì fà á jù lọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ju 40 lọ nínú 100.

Kí ló dé tí ewu yìí fi ń pọ̀ sí i fún obìnrin lẹ́yìn ẹni 50 ọdún? Níwọ̀n ìgbà tí obìnrin bá ṣì ń rí nǹkan oṣù, èròjà estrogen inú ara rẹ̀ máa ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣeé dáadáa, kì í jẹ́ kí ó tètè le. Bí nǹkan oṣù bá ti ń dáwọ́ dúró, èròjà náà á lọ sílẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọ̀rá tí kò dára á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá á máa kó jọ sí ikùn, ìfúnpá á sì máa gòkè. Obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ kì í dààmú ẹnikẹ́ni nígbà tó wà ní ẹni 35 lè ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ẹni 53 láì mọ̀. Kò ní í rí i, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé. Orí kì í fọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko.

Ohun mìíràn wà tó yẹ kí gbogbo obìnrin tó ti bímọ mọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà tó lóyún, pàápàá èyí tí ẹsẹ̀ àti ojú fi ń wú tí àyẹ̀wò ìtọ̀ kò sì dára, ewu àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ fún un lọ́jọ́ iwájú tó ìlọ́po méjì ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Oyún náà ti kìlọ̀ fún un ní ogún ọdún ṣáájú. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ìkìlọ̀ náà? Wọ́n bí ọmọ, ọmọ yè, ìyá yè, gbogbo ilé dúpẹ́, káàdì aláboyún sì sọnù sínú àpótí. Lẹ́yìn ogún ọdún, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò béèrè, òun náà kò sì rántí sọ.

Ẹ wò ó bí ìlú ṣe ṣètò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ ìpele àkọ́kọ́ ètò ìlera fún gbogbo ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní CSU. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀ ni aboyún àti ìyá ọmọ títí di ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìbímọ, ọmọdé tí kò tíì ju ọdún 5 lọ, àwọn tó ní HIV tàbí ikọ́ fée, àti àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ débi pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Ohun rere ni gbogbo èyí, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àlàfo tó wà láàárín. Ìjọba di ọwọ́ obìnrin mú títí di ọjọ́ 42 lẹ́yìn ìbímọ, ó sì tún lè pàdé rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, lórí ibùsùn tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú sì wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ. Láàárín ọgbọ̀n ọdún yẹn, nígbà tí oògùn kékeré kan lójúmọ́ ì bá gbà á, òun nìkan ló ń rìn.

Ìrìn náà kò sì rọrùn. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní bayam-sellam ní Douala, alájàpá ni wọ́n, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Kí ìlú tó jí ni wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ bọ̀ láti oko. Wọ́n á jókòó lórí àpótí títí di alẹ́. Bí ìyàn bá mú ìlú, àwọn ni kì í jẹ́ kí ìkòkò Douala ṣófo. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló ń fa ìsanra wọn kò tíì gbé agbọ̀n tòmátì rí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà ń lo apá àti ẹ̀yìn fún wákàtí kan, ó sì ń mú ènìyàn jókòó fún mẹ́wàá. Oorun kò tó. Oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ohunkóhun tó bá kọjá lórí àwo. Àwọn tó ń sun ẹja tàbí tó ń yan án lẹ́bàá omi ní Youpwè ń fa èéfín sínú láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni èéfín ń bà jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn jẹ́ pẹ̀lú.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan. Bí a bá pín in dọ́gba, ohun tí aráyé ń jẹ lé ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Nínú ìkòkò tiwa, iyọ̀ kò wọlé lórúkọ iyọ̀ nìkan. Ó wà nínú magí tí a fọ́ mẹ́ta mẹ́rin sínú ọbẹ̀, ó wà nínú ẹja gbígbẹ, ó wà nínú búrẹ́dì. Ẹni tó ní òun ti dín iyọ̀ kù, tí magí rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, ó kàn pààrọ̀ aṣọ fún un ni.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé oúnjẹ wa ló ń pa wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí SIREN ní Nàìjíríà àti Gánà lórí àwọn tó lé ní 2,000 tí wọ́n ní rọpárọsẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n lára àwọn nǹkan yòókù tí wọ́n rí ni pé ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ wà nínú ewu ju ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ndolé tí Douala fi ń yangàn? Ewúro ni. Ewúro tí ìyá wa fọ̀, tó gbo, tó fi ẹ̀pà àti edé sè. Ewé náà kò ṣẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kó pọ̀ nínú abọ́, kí epo, iyọ̀ àti magí dín kù.

Nígbà tí ara bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, a kì í gbọ́ èdè rẹ̀. Àyà ríro ni àmì tó wọ́pọ̀ jù fún ọkùnrin àti obìnrin nígbà tí ọkàn bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún obìnrin, ó máa ń ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ń dàrú mọ́ni lójú: àárẹ̀ tí kò nídìí, mímí tí kò délẹ̀, èébì tó ń gbé e, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n tó ń ro ó. Ó dé ilé olóògùn, wọ́n ní ibà ni. Ó tún padà lọ, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ní ọjọ́ orí ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Ní 1991, Bernadine Healy, oníṣègùn ọkàn tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó darí àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ó dà bí ẹni pé obìnrin gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọkàn òun ń ṣàìsàn bíi ti ọkùnrin kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí.

Kí wá ni ká ṣe? Kamẹrúùnù kò tòṣì ní ti ọgbọ́n. Láti 2009 ni wọ́n ti ní ilé ìwòsàn ọkàn ní Shisong, nítòsí Kumbo, tí àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn níbẹ̀. Arthur Zang, ọmọ Kamẹrúùnù, ṣe Cardiopad, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ní abúlé tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí dókítà ní ìlú ńlá. Ó gba ẹ̀bùn ńlá lé e lórí ní 2016. Ohun àmúyangàn ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ogun ti sọ ọ̀nà Kumbo di ọ̀nà ẹ̀rù láti ọdún 2017, àti pé ẹni tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, omi ti kọjá lábẹ́ afárá rẹ̀. Irinṣẹ́ tí ìyá ọlọ́jà nílò ní ẹni 48 kéré ju gbogbo ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ ìwọnfúnpá lásán ni, àti ẹni tí yóò máa dì í mọ́ ọn lápá ní gbogbo oṣù.

Ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ náà wà sì ti wà nílẹ̀. Tontine ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní njangi, tí àwa ń pè ní èésú tàbí àjọ. Kò sí obìnrin ọlọ́jà ní Douala tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n ní alága, wọ́n ní akápò, wọ́n ní ẹni tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ apẹ́lẹ́yìn. Kò sí ilé ìwòsàn tó mọ orúkọ wọn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá yọ owó ohun mímu ìpàdé kan tàbí méjì, wọ́n lè ra ẹ̀rọ náà. Kí obìnrin tó san owó àjọ rẹ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí wọ́n ń kọ owó sí. Ẹni tó bá ń rí 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó lọ rí dókítà. Ẹni tó bá kọjá 180 tàbí 120, tí àyà ń ro ó, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ẹnu rẹ̀ ń wọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ.

Àwọn kan á ní àyẹ̀wò tí kò ní oògùn lẹ́yìn, ìpayà lásán ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní Los Angeles, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí 52, níbi tí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ti ń gẹ irun. Ọkùnrin 319 ló wà nínú ìwádìí náà, tó jáde ní 2018. Níbi tí onígẹ̀rígẹ̀rí ti kàn ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n lọ rí dókítà, nọ́ńbà òkè lọ sílẹ̀ pẹ̀lú bíi 9. Níbi tí apoògùn ti wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ tó sì kọ oògùn fún wọn níbẹ̀, ó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú 27. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ẹ bá ènìyàn níbi tó wà, ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ilé ìwòsàn àdúgbò yan nọ́ọ̀sì kan fún ẹgbẹ́ ọjà mélòó kan. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò wọ́n wà ní ilé ìwòsàn kékeré nígbà gbogbo, kó má di pé obìnrin ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó tẹ́ ẹ sínú oòrùn lẹ́bàá títì. Kí ìpele tó kàn nínú CSU sì ka oògùn yìí mọ́ ohun tí ó ń san.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ tontine ló ti ní àpótí fún àìsàn àti òkú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, wọ́n á yọ owó pósí, wọ́n á rán aṣọ kan náà, wọ́n á gba ọkọ̀ tí yóò gbé òkú lọ sí abúlé. Àwa Yorùbá kò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a mọ bí ìnáwó òkú ìyá ṣe máa ń rí nílé wa. Àpótí tó lè san gbèsè ikú lè san owó oògùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Lọ́dọọdún ni àwọn obìnrin Kamẹrúùnù ń rán aṣọ àjọ̀dún obìnrin, tí wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ìlú ń dùn yùngbà. Kí ló dé tí a kò fi lè gbé tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tò, kí gbogbo ẹni tó bá ti lé ní ẹni 40 na apá kí ó tó lọ jó?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ìyá wọ̀nyí ti wà lọ́jà pẹ́, ọ̀pọ̀ orí ni wọ́n ti bá wa tún ṣe. Àwa tí wọ́n fi owó ọjà náà rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ló ń ka ìwé yìí. Bí ẹ bá pe ìyá yín tàbí àǹtí yín lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá wọn kẹ́yìn, kí ni nọ́ńbà méjèèjì, ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn ru rí nígbà tí wọ́n lóyún yín. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rántí, ẹ má fi owó ọbẹ̀ nìkan ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ẹ ra ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó.